Bí Ọdẹ́jìnmí Ṣe Lọ Ká Ìjì Mọ́lé Nítorí Ọkọ̀ Mọ́kànlá

Ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tó fẹ́ wúkọ́ kó wúkọ́ tán báyìí, ẹni tó ń jẹ obì kó gbé e mì, torí bí mo bá ti la ẹnu, n kì í pa á dé fún ẹnikẹ́ni. Èmi ọdẹ tí ẹ ń wò yìí, mo ti rí erin tó ń sunkún. Èmi àti ẹkùn ti pàdé lójú ọ̀nà tóóró kan rí, kò sí ẹni tó yà fún ẹnì kejì nínú wa, títí ẹkùn fi rántí pé òun ní iṣẹ́ nílé. Ẹ má rẹ́rìn-ín! Ṣùgbọ́n ìtàn tèmi kọ́ ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ti ọ̀gá mi ni, Ọdẹ́jìnmí, ọkùnrin tó gbé ìbọn kọ́ èjìká tó ní òun ń lọ yìnbọn pa Ìjì. Bẹ́ẹ̀ ni, ìjì tó ń jà lójú omi. Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni mo ń pa, ọ̀nà ilé rẹ̀ nìyẹn, kó lọ bá ìyàwó rẹ̀ ṣa ẹ̀wà.

Ará òkè ni Ọdẹ́jìnmí. Ó ń lé ìgalà kan bọ̀ láti inú igbó, ìgalà náà sáré títí ilẹ̀ fi tán fún un, ó di etí òkun. Níbẹ̀ ni Ọdẹ́jìnmí ti rí ọmọbìnrin kan tó ń rán aṣọ ìgbòkun, tó fi eyín di abẹ́rẹ́ mú. Ó gbàgbé ìgalà. Títí di òní, n kò mọ ibi tí ìgalà yẹn gbà. Tẹniadé ni orúkọ ọmọbìnrin náà, Etí-Ìgbì ni orúkọ ìlú rẹ̀. Kò pẹ́ tí ọ̀gá mi fi dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àna, ó gbé ìyàwó, ó sì jókòó sí ìlú ìyàwó.

Iṣẹ́ ọkọ̀ ìgbòkun ni gbogbo Etí-Ìgbì ń ṣe. Ọkọ̀ pákó gígùn ni, wọ́n á ri òpó mọ́ ọn láàárín, wọ́n á ta aṣọ sórí òpó náà, afẹ́fẹ́ á sì máa tì wọ́n lọ síbi tí wọ́n ń lọ. Òun ni wọ́n fi ń pẹja, òun náà ni wọ́n fi ń kó ẹrù ọjà. Tẹniadé ní tirẹ̀, tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Àwọn ará ìlú yìí sì fẹ́ràn ara wọn débi pé, bí òjò bá ti ṣú, olúkúlùkù á gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹbí rẹ̀, wọ́n á fi okùn kúkúrú so wọ́n pọ̀ girigiri, ẹ̀gbẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́, kí ọ̀kan má baà dá jìyà. Ẹni tó bá dá ọkọ̀ rẹ̀ dúró lọ́tọ̀, gbogbo ìlú á mọ̀ pé ó ti bá ilé rẹ̀ jà, ó ti kọ ẹbí sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún, bí òjò àkọ́kọ́ bá ti fẹ́ wọlé, Ìjì á dé. Nígbà tó bá fi máa lọ, ọkọ̀ á ti di igi ìdáná. Ọgọ́ta ọkọ̀ ni wọ́n ní nígbà tí Ọdẹ́jìnmí dé ibẹ̀. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ó ku mọ́kànlá. Àjímúdà, ẹ̀gbọ́n Tẹniadé, tó jẹ́ olórí àwọn ọlọ́kọ̀, ọkùnrin gíga kan tí kì í rẹ́rìn-ín lásán, pe gbogbo ìlú jọ.

Ó ní, "Bí Ìjì bá tún fọ́ mọ́kànlá yìí, ó parí nìyẹn. Kí kálukú máa wá ibi tó máa gbà lọ sókè. Kò ní sí Etí-Ìgbì mọ́."

Tẹniadé délé, kò lè jẹun. Ó jókòó ti ìkòkò ọbẹ̀, ó ní, "Baálé mi, ibí ni wọ́n sin ìyá mi sí. Tí mo bá dé òkè, ta ni màá máa kí láàárọ̀?" Ó bú sẹ́kún. Ọ̀rọ̀ náà dun Ọdẹ́jìnmí wọ egungun. Ó dìde, ó na ọwọ́ mú ìbọn rẹ̀ lára ògiri.

"Níbo ni Ìjì yìí ń gbé?"

"Àárín òkun. Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Màá lọ ká a mọ́lé. Màá yìnbọn fún un, màá sì gé ìrù rẹ̀ wá fún ọ kí o fi máa gbálẹ̀."

"Ìjì kò nírù, Ọdẹ́jìnmí."

"Màá gé ohun tó bá ní!"

Ẹ ò rí i bí ọ̀gá mi ṣe jẹ́? Tẹniadé mọ̀ pé kò sẹ́ni tó lè dá a dúró, ló bá fi ọjọ́ méje kọ́ ọ ní ọkọ̀ títù. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ta ìgbòkun àti bí wọ́n ṣe ń di ìtọ́kọ̀ mú. Ó ní, "Bí afẹ́fẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í le, tètè ká aṣọ yìí wálẹ̀, kó kéré. Má dúró dìgbà tó bá le tán." Ọdẹ́jìnmí yínmú. Òun, ọkùnrin tó kojú ẹfọ̀n, òun ni kó wá máa ká aṣọ fún afẹ́fẹ́? Ó wọ ọkọ̀, ó ta gbogbo ìgbòkun, ó lọ.

Igbó kan ló kọ́kọ́ dé, Igbó Ẹlẹ́sẹ̀-Omi, tí gbogbo igi rẹ̀ dúró sínú omi lórí gbòǹgbò bí ẹni tó ká ṣòkòtò sókè. Iwin ló kún orí igi ibẹ̀. Ọ̀gá wọn ń jẹ́ Fẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó fẹ́ẹ́rẹ́ lára rẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ iwin yìí tóbi ju àgbá lọ, ó sì na ẹsẹ̀ dí ọ̀nà.

"Ọdẹ, mo ní àlọ́ kan. Kí lohun tó máa ń gbà ọ́ là bí ó bá kéré, tó máa ń pa ọ́ bí ó bá tóbi? Tí o bá mọ̀ ọ́n, máa lọ. Tí o kò bá mọ̀ ọ́n, màá fẹ́ atẹ́gùn sí ọ lẹ́ẹ̀kan, màá sì mú nǹkan kan lára rẹ."

"Ọta ìbọn ni!"

Fẹ́ẹ́rẹ́ fẹ́ atẹ́gùn. Atẹ́gùn kó sínú ìgbòkun tó tẹ́ gbẹrẹgẹdẹ, ọkọ̀ dojú dé, Ọdẹ́jìnmí mu omi iyọ̀ yó. Ará òkè ni, kò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Iwin fi ìka méjì gbé ọkọ̀ dìde, ó fi ìka kan fa ọ̀gá mi jáde, ó mú fìlà rẹ̀.

"Mo tún bi ọ́."

"Oorun ni!"

Ọkọ̀ tún dojú dé. Ó gba dàńṣíkí. Ọdẹ́jìnmí ní ẹnu ni, ọkọ̀ dojú dé lẹ́ẹ̀kẹta, ó gba ṣòkòtò. Ó wá ku ọ̀gá mi pẹ̀lú ìbàǹtẹ́ àti ìbọn èjìká rẹ̀, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn, gbogbo iwin orí igi ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ju èso lù ú lórí. Ó wo ìbàǹtẹ́, ó wo ìgbòkun. Ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ bá sọ sí i lọ́kàn. Ó dìde, ó ká ìgbòkun náà wálẹ̀, ó ká a, ó ká a, títí ó fi kù díẹ̀ bí gèlè, ó dì í mọ́ òpó. Fẹ́ẹ́rẹ́ fẹ́ atẹ́gùn títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Ọkọ̀ tẹ̀ díẹ̀, ó dìde, ó ń lọ jẹ́jẹ́.

Iwin pariwo, "Ó mọ̀ ọ́n o! Ìgbòkun ni! Ta ló sọ fún ọ?"

"Ìyàwó mi."

"Kí ló dé tí o kò fi gbọ́ láti ilé?"

Ọdẹ́jìnmí na ọwọ́ béèrè aṣọ rẹ̀. Èmi ì bá ti dáhùn, ṣùgbọ́n èmi kò ní dé ìdí ìbàǹtẹ́ kí n tó gbọ́ tìyàwó. Iwin dá aṣọ rẹ̀ padà fún un, ó kọjá.

Nígbà tó yọ síta gbangba òkun, ó dé ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Kọjú-Sí-Mi. Ìgbì ni àwọn ará ibẹ̀. Ẹ̀yìn wọn rí roboto, irun orí wọn funfun, wọ́n á tò tẹ̀lé ara wọn bí ẹni tó ń ti ọjà bọ̀. Ọdẹ́jìnmí yí ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kó lè wo ìlú dáadáa. Arúgbó kan tó wà níwájú bá fọ́ ọ létí. Kò tíì mí, èkejì fọ́ ọ. Omi dé orúnkún rẹ̀ nínú ọkọ̀.

"Ìyá, kí ni mo ṣe?"

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń kí àgbà nílùú yín nìyẹn? Ìwọ á wá sílé ẹni, ìwọ á wá máa fi ìhà hàn wá! Kọjú sí mi!"

Ọdẹ́jìnmí fi ìtọ́kọ̀ yí imú ọkọ̀ sí i. Inú arúgbó dùn. Ó gbé ọkọ̀ lé ẹ̀yìn, ó pọ̀n ọ́n lọ sókè, ó sì sọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́ sí ẹ̀yìn ara rẹ̀. Ẹni tó tẹ̀lé e náà pọ̀n ọ́n. Bí ọ̀gá mi ṣe ń kọ imú ọkọ̀ sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nìyẹn, tí ó ń fi igbá gbọ́n omi dànù. Ara rẹ̀ wá yá gágá, ó dìde dúró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki ara rẹ̀: "Èmi Ọdẹ́jìnmí, ọkọ Tẹniadé, ẹni tí òkun ń pọ̀n bí ọmọ..." Gbì! Ó ti bọ́ sómi.

Arúgbó fà á jáde. Ó mú okùn kan, ó so ó mọ́ ọn níbàdí, ó so orí kejì okùn náà mọ́ ìsàlẹ̀ òpó ọkọ̀. Ó ní, "Má tú u o. Ẹnu rẹ yìí á tún gbé ọ jù sómi." Mo ti fi ọwọ́ ara mi kan okùn yẹn, ẹ̀yin èèyàn yìí. Ó nípọn tó àtàǹpàkò mi.

Ọjọ́ kejì, ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá àárọ̀, ó dé ilé Ìjì.

Orí àpáta kan láàárín òkun ni. Ẹ̀yin ń retí ẹranko abìwo, àbí? Ọ̀gá mi náà retí bẹ́ẹ̀. Bàbá arúgbó kan ló bá lórí òrùlé, tó ń fi koríko tún ilé ara rẹ̀ ṣe. Bó bá ti to koríko náà tán, tó mí kanlẹ̀ pé ó ti rẹ òun, èémí rẹ̀ á gbá gbogbo òrùlé náà lọ, á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ọdẹ́jìnmí kò kí i. Ó yìnbọn. Ọta yí bàbá náà po lẹ́ẹ̀mẹta, ó já sí i lọ́wọ́. Ìjì sọ̀kalẹ̀, ó na ọta náà sí i.

"Gbà, ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ."

Ọdẹ́jìnmí gba ọta náà, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò tíì kú. "Ìwọ lo fọ́ ọkọ̀ Etí-Ìgbì! Kí la ṣe fún ọ? Ìyàwó mi kò jẹun mọ́ nítorí rẹ!"

Ìjì la ojú sílẹ̀. "Èmi? N kò fọ́ ọkọ̀ kan ṣoṣo ní Etí-Ìgbì rí. Mo kàn máa ń kọjá ni. Mo sì máa ń gbọ́ gbà, gbà, gbà láti èbúté yín. Mo rò pé ẹ̀ ń lu nǹkan láti fi kí mi ni. Mo tiẹ̀ máa ń dúró díẹ̀ kí n lè jẹ́ ìkíni yín."

"Ta ló wá ń fọ́ wọn?"

Ìjì bu omi sínú ọpọ́n ńlá kan. Ó mú igbá méjì, ó so wọ́n pọ̀ ẹ̀gbẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́, ó gbé wọn lé omi, ó mí díẹ̀. Gbà! Gbà! Àwọn igbá náà ń lu ara wọn, ọ̀kan sán, èkejì fọ́. Ó mú igbá méjì mìíràn, ó fi okùn gígùn so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ òkúta tirẹ̀, ó gbé wọn jìnnà síra. Ó mí. Àwọn igbá náà jó sọ́tùn-ún, wọ́n jó sósì, wọ́n yí, wọ́n fò. Nígbà tó dákẹ́, wọ́n wà bí wọ́n ṣe wà, kò sí èyí tó sán.

Ọ̀gá mi wo igbá fífọ́ yẹn títí. Ojú rẹ̀ rí èbúté Etí-Ìgbì, gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n dì mọ́ra girigiri, tí àwọn tó ni wọ́n ń wo ara wọn tìfẹ́tìfẹ́. Ó jókòó sórí àpáta, ó sunkún bí ọmọdé, torí kò sí ẹnikẹ́ni tó máa yìnbọn fún.

Ìjì ní, "Má sunkún mọ́. Bí omi bá jìn tó ìwọ̀n apá kan tí ènìyàn nà, kí okùn ìdákọ̀ró gùn tó apá méje, kí ọkọ̀ lè ráyè jó. Ẹ bọ́ ìgbòkun kúrò lórí òpó pátápátá. Ibi tí okùn bá ti ń ha ara igi, ẹ fi àkísà wé e, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ á já. Kí ọkọ̀ kankan má sì wà níbi tí ọwọ́ rẹ̀ á ti tó òmíràn."

"Bàbá, ẹ kúkú má wá lọ́dún yìí."

"Òjò wo lẹ máa mu? Mò ń bọ̀ ní ọjọ́ kẹta. Ṣùgbọ́n torí pé o wá kí mi nílé, màá wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó wọlé. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta, kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀ mí."

Báwo ni Ọdẹ́jìnmí ṣe délé? Ẹ má bi mí. Àwọn arúgbó Kọjú-Sí-Mi pọ̀n ọ́n, Fẹ́ẹ́rẹ́ fẹ́ ẹ láti ẹ̀yìn, ọjọ́ kẹta tí Ìjì dá náà, lọ́sàn-án, ló yọ sí èbúté. Ojú ọ̀run ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Wọ́n ti so ọkọ̀ mẹ́wàá pọ̀ girigiri, Àjímúdà sì dúró ní etí omi pẹ̀lú okùn kúkúrú lọ́wọ́, ó ń retí ọkọ̀ àbúrò rẹ̀.

"Káàbọ̀, àna wa. Kọ imú ọkọ̀ sí mi, kí n so ó mọ́ tèmi."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má so ó. Ẹ tú àwọn tó kù pẹ̀lú. Ìjì kọ́ ló ń fọ́ wọn, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń lu ara wọn pa!"

Ojú Àjímúdà yí padà. "Kí la ṣe fún ọ tí o fi fẹ́ ya àbúrò mi kúrò lára mi níṣojú gbogbo ìlú? Ṣé torí pé a fún ọ níyàwó ni?"

Gbogbo ojú yí sí Tẹniadé. Obìnrin yìí wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wo ọkọ rẹ̀ tí iyọ̀ ti gbẹ mọ́ lára. Omijé ń já bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dárí jì mí." Ó fò sínú ọkọ̀, ó tu ú lọ síta gbangba, ó bọ́ ìgbòkun, ó sọ ìdákọ̀ró, ó tú okùn sílẹ̀ ní apá méje fún apá omi kọ̀ọ̀kan bí Ọdẹ́jìnmí ṣe ń kígbe fún un láti etí omi, ó wé àkísà mọ́ ọn, ó lúwẹ̀ẹ́ padà wá. Àwọn obìnrin kan yí ẹ̀yìn sí i. Àjímúdà ń la ẹnu láti sọ̀rọ̀ tí kò ní ṣe é kó padà.

Ìjì wúkọ́.

Gbà! Gbà! Gbà! Ọkọ̀ mẹ́wàá ń lu ara wọn. Lóde lọ́hùn-ún, ọkọ̀ Tẹniadé fò sókè, ó yí imú sí afẹ́fẹ́, ó jó, kò kan nǹkan kan. Gbogbo ènìyàn rí i. Kò sí ẹni tó mira.

Ìjì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Pákó kan sán ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ Àjímúdà, ọkọ̀ tí bàbá wọn fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́. Ọkùnrin gíga yẹn di orí mú. Ọdẹ́jìnmí, tí kò dọ̀bálẹ̀ fún ẹfọ̀n, dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀.

"Àna mi, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín! Ó ku ẹ̀ẹ̀kan péré!"

"Tí mo bá gé okùn yìí," ni Àjímúdà wí, "kí ló kù tó so èmi àti àwọn ènìyàn mi pọ̀?"

Tẹniadé já okùn kúkúrú gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó so ó mọ́ òpó ẹnu ọ̀nà ilé ara rẹ̀, ó fi okùn mìíràn so ó gùn sí i, ó sáré lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó so orí kejì mọ́ òpó tibẹ̀.

"Òun nìyí! Èmi àti ẹ̀yin ni ẹbí, Ẹ̀gbọ́n mi! Pákó kọ́!"

Àjímúdà fa àdá yọ. Ó bú ramúramù pé kí gbogbo ìlú wọ omi. Ọ̀gá mi, ará òkè tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀, fi okùn arúgbó so ìbàdí mọ́ èèkàn etí omi, ó wọ inú omi tó mu ún dé àyà, ó ń gé okùn láàárín ọkọ̀ méjì-méjì, orí ń yẹ̀ fún pákó, ẹnu ń tu iyọ̀. Bí ọ̀kan bá ti bọ́, ẹni tó ni ín á tu ú síta, á sọ ìdákọ̀ró, á ka apá méje. Àwọn obìnrin ń fa aṣọ orí ara wọn ya láti fi wé okùn. Àwọn tó yí ẹ̀yìn sí Tẹniadé lẹ́ẹ̀kan ló ń ya aṣọ jù. Bí okùn kúkúrú kan bá ti bọ́ lára ọkọ̀, ẹnì kan á gbé e sáré lọ so ilé mọ́ ilé. Ọkọ̀ Àjímúdà ló kẹ́yìn jáde, tí wọ́n ti ki àkísà sójú ibi tó sán.

Ìjì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ó sì wọlé.

Yéè! N kò ní lè sọ ọ́ tán. Igi àgbọn tẹrí ba dé ilẹ̀, òrùlé méjì gbéra, òjò ń rọ̀ ní ìbú. Gbogbo Etí-Ìgbì di okùn ilé-sí-ilé mú, wọ́n ń pe orúkọ ara wọn kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹnì kankan kò sọnù. Ọdẹ́jìnmí fetí sílẹ̀ fún gbà, gbà, gbà láti èbúté. Kò gbọ́ ọ. Ariwo òjò àti ti afẹ́fẹ́ nìkan ló gbọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín nínú òjò bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú.

Nígbà tí oòrùn yọjú ní ìrọ̀lẹ́, Àjímúdà ló kọ́kọ́ dé etí omi. Ó na ìka, ó kà. Ó tún un kà láti òdì kejì.

"Mọ́kànlá," ló wí. Ó yí padà sí ìlú, ó ké tòò: "Mọ́kànlá o! Mọ́kànlá ló jáde, mọ́kànlá ló wà níbẹ̀!"

Ariwo ayọ̀ sọ! Wọ́n gbé Ọdẹ́jìnmí sókè, wọ́n gbé Tẹniadé, wọ́n tún fẹ́ gbé Àjímúdà ṣùgbọ́n ó wúwo jù. Tẹniadé jẹ àwo oúnjẹ mẹ́ta lọ́jọ́ náà, ọ̀gá mi jókòó tì í, ó ń wò ó bó ṣe ń jẹ, ó ní òun kò rí ohun tó dùn mọ́ òun tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun.

Èmi fúnra mi wà ní Etí-Ìgbì lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ọkọ̀ wọn ti di mẹ́rìndínlógún. Òjò ṣú, mo sáré lọ sétí omi láti wò ó, mo sì bá Àjímúdà tó dúró nínú ọkọ̀ rẹ̀, tó fi ọwọ́ méjèèjì yí ẹnu ká, tó ń kígbe sí ọkọ̀ àbúrò rẹ̀ lójú òkun lọ́hùn-ún, tí gbogbo ìlú ń gbọ́:

"Tẹniadé! Àbúrò mi àtàtà! Mo fẹ́ràn rẹ, sún síwájú sí i!"

Tẹniadé fèsì, "Mo fẹ́ràn yín jù bẹ́ẹ̀ lọ, Ẹ̀gbọ́n mi!" Ó fa ìdákọ̀ró sókè, ó tún fi ogún apá jìnnà sí i.